Ẹ̀rí Tí Adéríbigbé Jẹ́ Nípa Ọ̀fun Rẹ̀

"Ẹ̀yin ará, nígbà tí wọ́n ti kámẹ́rà bọ ọ̀fun mi l'Ógbómọ̀ṣọ́, ìlera tó bá níbẹ̀ pọ̀ débi pé kámẹ́rà bú sẹ́kún! Dókítà mẹ́rìndínlógún ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò dákẹ́. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé bí mo bá tún padà wá, ilé ìwòsàn á kógbá sílé!"

Adéríbigbé awakọ̀ ló ń jẹ́rìí báyìí nínú ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ohùn rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Ó ti tó oṣù méjì tó ti há bẹ́ẹ̀. Ìjọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n ojú ẹnì kan ṣoṣo ni Adéríbigbé ń wò: Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí ètè rẹ̀ ti gbẹ. Àṣàkẹ́ ti búra pé òun kò ní jáwọ́ nínú ààwẹ̀ títí ọkọ òun yóò fi gbé èsì àyẹ̀wò dé. Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé. Ẹ̀kọ tútù ló fi ń ṣínu nírọ̀lẹ́.

Dókítà ti bi Adéríbigbé jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ohùn wọn há bí tiyín, bóyá mẹ́ta la máa rí jẹjẹrẹ lọ́fun wọn. Ó sì lè jẹ́ igbe tí ẹ fi ń pe èrò lásán. Ṣé ẹ fẹ́ ká fi kámẹ́rà wò ó, àbí ká ṣì ní sùúrù díẹ̀?"

"Mẹ́ta kẹ̀!" Adéríbigbé fọwọ́ lu tábìlì. "Bó ṣe ẹyọ kan péré nínú gbogbo Nàìjíríà, ẹ wò ó! Ẹ wo ọ̀fun, ẹ wo etí, ẹ wo bàtà mi náà!"

Ẹnu ò ní ìbẹ̀rù. Ẹsẹ̀ ló ni ín. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó yọjú rí okùn kámẹ́rà náà. Lójú tirẹ̀, ó gùn láti Sábó dé Under G l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ó bá yí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ṣáájú ìyẹn, kò tilẹ̀ débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojoojúmọ́ ló ń wàásù fáwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀: "Mọ̀mọ́, ẹ má fi àyẹ̀wò falẹ̀ o!" Èèyàn mẹ́rin ti tipa ẹnu rẹ̀ lọ ṣe é.

"A dúpẹ́," ni Wòlíì Olúwaníyì wí. "Àmọ́ Bùrọ̀dá Adéríbigbé, ẹ mọ òfin wa. Ẹ̀rí ilé ìwòsàn, ẹlòmíràn ló ń ka ìwé rẹ̀ sétí ìjọ." Ọdún tí ẹnì kan jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ òun tí wọ́n gé tún hù ni wọ́n ṣe òfin náà.

Adéríbigbé ti múra fún ìyẹn. Ó fa káàdì ilé ìwòsàn kan yọ nínú ọ̀rá, òǹtẹ̀ ńlá wà lórí rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò sì ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bírò pupa kọ síbẹ̀ sí. Ó rò pé ìkíni ni. Ó yan àlejò kan lẹ́yìn, obìnrin onígíláàsì tó wá fún ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Àlejò kì í sáà tú àṣírí onílé.

"Sísítà, ẹ sáà ka orúkọ mi àti òǹtẹ̀. Ó ti tó."

Obìnrin náà gba káàdì. "Adéríbigbé, awakọ̀," ó kà. "Ọjọ́ kẹrin: kò wá. Ọjọ́ kọkànlá: kò wá. Ọjọ́ kejìdínlógún: ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sá." Ó gbójú sókè. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Oyèrónkẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Sùtánà tí mo wọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ẹ dá mi mọ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, kámẹ́rà wa ò sì sunkún rí o."

Àṣàkẹ́ dìde. Kò pariwo; ì bá sàn kó pariwo.

"Bàbá Ànúolúwa, ṣé kí n lọ jẹun ni, àbí kí n má jẹun?"

Irọ́ tó wà níkùn Adéríbigbé kún agbọ̀n mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi dáhùn. Ó ká sùtánà dé orúnkún, ó gba ojú fèrèsé bẹ́ sóde. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ Àṣàkẹ́.

"Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ!" nọ́ọ̀sì ké tẹ̀ lé e.

"Èmi ni n ó mú un wá," Àṣàkẹ́ dáhùn. "Ebi ló ń pa mí, ẹsẹ̀ mi ò ṣẹ́!"

Adéríbigbé ti dé àárín àwọn ìsọ̀ Akẹ̀sán kó tó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ bá kámẹ́rà wá ìnujú sílẹ̀!" Ohùn tó jáde kò ju ti òròmọdìẹ lọ. Ó tún ki eré mọ́lẹ̀.