Orúkọ Tó Ń Jáde Bí Ẹ̀rọ Bá Jí

3.

…káàdì nẹ́tíwọ́kì náà sì tún kú. Ìgbà kẹtàdínlógún nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Raili kò bú u. Ó wo aago ara ògiri, ó kọ wákàtí sínú ìwé rẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn.

(Ẹ má bi mí pé níbo ni ìkíní àti ìkejì wà. Inú báágì tí wọ́n fẹ́ fi dáná sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru, ni mo ti kó àwọn ìwé yìí. Àwọn kan ti jóná kí n tó dé. Èyí tó kù ni mo tò, mo sì lè ti tò ó gba ibi tó wù mí. Èmi ni mo ń se kọfí níbẹ̀.)


4. LÁRA ILẸ̀KÙN

ẸGBẸ́ ÀWỌN TÍ KÒ NÍṢẸ́, HAUKINIEMI, FINLAND
Oṣù kejì, 1994

Kọfí: ọ̀fẹ́.
Búrẹ́dì dídùn: Ọjọ́rú nìkan.
Kọ̀ǹpútà: wákàtí méjì fún ẹnì kan. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀.

*(pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ èyí sísàlẹ̀)* Bí nẹ́tíwọ́kì bá kú, ẹ pe Raili. Ẹ má gbá ẹ̀rọ létí.


5.

Raili Pöntinen, ọmọ ọdún méjìlélógójì. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin ara bébà nílé iṣẹ́ tó wà létí adágún. Ọ̀dá owó dé. Wọ́n ní kí òun àti igba èèyàn máa relé.

Ilpo Savinainen wà lára igba yẹn. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wọ mọ́tò Raili lọ síbi iṣẹ́. Raili ló mọ ẹ̀rọ, Ilpo ló mọ ẹnu. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Raili lè fi ìwé atúmọ̀ èdè ka Gẹ̀ẹ́sì. Kíkọ rẹ̀ ló ń dójú tì í.


6.

Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n gbé sínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, torí ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ni ín. Ọ̀wẹ̀ ni. Ẹni tó bá rí ibi tó ya á kọ àbùlẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí pátákó orí wáyà. Àwọn tó ń kó àbùlẹ̀ jọ á fi sínú ekùrọ́ tuntun (ekùrọ́ ni wọ́n ń pe ọkàn Linux), gbogbo ayé á sì máa lò ó.

Wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo téèyàn ń gbà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n mọ̀ pé ó wá sóko. Orúkọ rẹ̀ á wà ní ìlà àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń jí, orúkọ náà á jáde lójú gíláàsì, ní Haukiniemi, ní Brazil, níbi gbogbo.

Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa.


8. LÓRÍ PÁTÁKÓ

LÁTI: Ilpo S.
Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ń bá Raili, ọ̀rẹ́ mi, bèèrè ni. Káàdì nẹ́tíwọ́kì wa ń kú láìnídìí. Kí ni ká ṣe?

LÁTI: Desmond (Ireland, èmi ni mo ń kó àbùlẹ̀ káàdì jọ)
Ilpo, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kí Raili. Káàdì yẹn ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹni tó bá wò ó sàn, màá ra ọtí fún un.

LÁTI: Edvaldo (Brazil)
Tèmi náà ń kú. Mo ti gbàdúrà sí i.


9. ÌMỌ̀RÀN TÍ WỌ́N GBÀ WÁ *(ìkọ̀wé Raili)*

Ẹ yí nọ́ńbà káàdì padà. *Mo yí i. Ó kú.*
Ẹ pààrọ̀ wáyà. *Mo pààrọ̀ ẹ̀. Ó kú.*
Ẹ ra káàdì gidi. *Rárá.*
Ẹ bọ́ sórí ekùrọ́ tuntun. *Dísìkì mẹ́rìnlélógún, ọjọ́ méjì. Ó wá ń yá kú ju ti tẹ́lẹ̀.*
Ẹ yọ ọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. *Mo fẹ́ ẹ. Ó kú.*
Ẹ ka dẹ́rẹ́bà fúnra yín.


10.

Dẹ́rẹ́bà ni ètò tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Raili tẹ̀ ẹ́ jáde, àádọ́rin ojú ewé, ó gbé e lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kà á létí fèrèsé, pẹ̀lú pẹ́ńsù pupa tó kó kúrò níbi iṣẹ́ bébà. Ní ojú ewé kọkànlélógójì, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

*Èsì tí kò ní dé ló ń dúró dè.*

Ohun tó ń pa káàdì nìyẹn. Ó ránṣẹ́, èsì sọnù lọ́nà, dẹ́rẹ́bà sì jókòó tì í títí ayé. Raili kọ àbùlẹ̀ kan: kí dẹ́rẹ́bà máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta títí dé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Bí èsì kò bá dé, kó jí káàdì, kó tún ránṣẹ́. Aago ọwọ́ ló fi wọn iye yẹn, ó wọ̀n ọ́n nígbà ọgbọ̀n.


11. ÌKÉDE INÚ ÌWÉ ÌRÒYÌN *(sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e)*

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà Linux rẹ̀. A kò bèèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe fún Linux hàn wá, tó ní orúkọ yín lára. Ìforúkọsílẹ̀ parí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún.


12. LẸ́GBẸ̀Ẹ́ Ẹ̀RỌ KỌFÍ *(mo gbọ́ ọ, etí mi kò di)*

RAILI: Ọjọ́ mọ́kànlá. Kò kú lẹ́ẹ̀kan.
ILPO: Ìwọ obìnrin yìí, wọ́n á gbẹ́ ère ẹ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.
RAILI: Fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Gba dísìkì. Àbùlẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀. Bá mi tú lẹ́tà yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì, kó o fi méjèèjì ránṣẹ́ sí Desmond.
ILPO: Ìlà àkọ́kọ́ ṣófo. O ò kọ orúkọ ẹ.
RAILI: Ó wà nínú lẹ́tà.
ILPO: Inú iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, Raili.
RAILI: Ìyá mi ní ẹni tó bá ń yin ara ẹ̀ ń rùn. Jẹ́ kí Desmond fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.
ILPO: Orí ẹ le gan-an.
RAILI: O ti rí ìkéde ilé ẹ̀kọ́ yẹn?
ILPO: Mo rí i.


13. LẸ́TÀ RAILI

Ọ̀gbẹ́ni Desmond,
Mo rò pé mo ti rí ohun tó ń pa káàdì yẹn. Bí mo bá ṣìnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ilpo fún mi, òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀.
Raili Pöntinen


14. LẸ́TÀ TÓ DÉ ỌWỌ́ DESMOND

Desmond,
Mo ti rí ohun tó ń pa káàdì yẹn.
Ilpo Savinainen


15.

Ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ló fi kọ ọ́. Mo gbé kọfí wá bá a. Ìka méjì ni Ilpo fi ń tẹ̀wé, kò yára, ojú mi sì ń tẹ̀lé e bó ṣe ń tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́ tó ṣófo yẹn.

Mo gbé àwo mi, mo lọ.


16.

Ekùrọ́ tuntun dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹrin, yìnyín orí adágún ti ń fọ́. Raili kó o sórí ẹ̀rọ láàárọ̀. Wákàtí mẹ́ta ló gbà kó tó jinná. Ó ní kí gbogbo èèyàn wá. Èèyàn mọ́kànlá ló dúró yí i ká, búrẹ́dì lọ́wọ́, títí kan àwọn tó jẹ́ pé eré káàdì nìkan ni wọ́n ń wá fi kọ̀ǹpútà ta. Ó ti wọ bùláòsì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ẹ máa wo ìlà kẹrin."

Ó tan ẹ̀rọ.


17. OJÚ GÍLÁÀSÌ

Ìrántí . . . . . . . . . . ó pé
Dísìkì inú . . . . . . . . . ó wà
Káàdì nẹ́tíwọ́kì . . . . . . . ó wà
Dẹ́rẹ́bà káàdì, láti ọwọ́ Ilpo Savinainen
Ẹ wọlé:


18.

Raili pa á. Ó tún un tàn.


19.

Dẹ́rẹ́bà káàdì, láti ọwọ́ Ilpo Savinainen


20. NÍTA, LẸ́GBẸ̀Ẹ́ MỌ́TÒ

ILPO: Ìlà yẹn ṣófo. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí orúkọ kan níbẹ̀.
RAILI: Lẹ́tà mi ńkọ́?
ILPO: Èmi ni wọ́n mọ̀ lórí pátákó. Bí mo bá ní ẹlòmíràn ni, Desmond á ní kó jáde wá sọ̀rọ̀. Ṣé ìwọ á sọ̀rọ̀?
RAILI: Bá mi tún un ṣe.
ILPO: Màá tún un ṣe.
RAILI: Nígbà wo?
ILPO: Tó bá di ìparí oṣù karùn-ún.
RAILI: Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń parí ìforúkọsílẹ̀.
ILPO: Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, Raili.
RAILI: Ìwọ náà fẹ́ gba iṣẹ́ yẹn.
ILPO: *(ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn mọ́tò)*
RAILI: Ọdún mẹ́fà lo fi jókòó nínú mọ́tò mi, Ilpo. Ọdún mẹ́fà gbáko.


21.

Raili wọlé wá bá mi. Ó ní, "Ìwọ lo gbé kọfí fún un lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o rí ohun tó kọ?"

Mo ní ojú mi wà lára kọfí.

Ilpo ló ń bá mi kọ lẹ́tà ìwé ìgbélùú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà. Ẹ fẹ́ kí n sọ pé ẹ̀rù kò bà mí? Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó bá fẹ́ bú Ilpo, kó ṣẹ́ tèmi kù.


22. ÈSÌ ILÉ Ẹ̀KỌ́

Arábìnrin Pöntinen,
A rí ìwé yín gbà. A wo iṣẹ́ tí ẹ tọ́ka sí. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀. A dúpẹ́ pé ẹ rántí wa.


23.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni Ilpo wọṣẹ́ níbẹ̀.


25. LÓRÍ PÁTÁKÓ, OṢÙ KẸSÀN-ÁN

EDVALDO: Mo ra ẹ̀rọ tuntun tó yára gan-an. Dẹ́rẹ́bà Ilpo ń jí káàdì tí kò sùn. Ààbọ̀ lẹ́tà mi ló ń dé.
ẸNÌ KAN NÍ JAPAN: Tèmi náà.
DESMOND: Ilpo, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá? Báwo lẹ ṣe rí iye yẹn?
DESMOND *(ọjọ́ kejì)*: Ilpo, ẹ wà ńbẹ̀?
DESMOND *(ọjọ́ kẹrin)*: Ilpo?


26.

Raili kà á, ó sì mọ̀ ọ́n kó tó kà á tán. Ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ló fi wọn iye yẹn, ẹ̀rọ tí kì í kánjú. Ẹ̀rọ tuntun á ti ka ọ̀kẹ́ mẹ́wàá tán kí káàdì tó sọ̀rọ̀ tán. Kò yẹ kí dẹ́rẹ́bà kà rárá, aago ló yẹ kó máa wò. Ìlà mẹ́fà ni àtúnṣe rẹ̀. Ó kọ ọ́ kó tó mu kọfí rẹ̀ tán.

Àṣìṣe òun ni. Ó dùn ún gan-an pé àṣìṣe òun pàápàá ń jẹ́ Ilpo.


27. ÌDÍ TÁBÌLÌ RAILI

ILPO: Iye yẹn. Kí ló wà fún?
RAILI: Bi ẹni tó kọ ọ́.
ILPO: Raili, jọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà tuntun ogójì ni wọ́n rà síbi iṣẹ́ mi, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ojú ọ̀gá mi ti yí padà sí mi.
RAILI: Ọ̀gá ẹ ríran nìyẹn.
ILPO: Màá fi orúkọ ẹ sábẹ́ tèmi. "Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Raili Pöntinen."
RAILI: Ìrànlọ́wọ́.
ILPO: Kí lo wá fẹ́ kí n kọ?
RAILI: *(ó pa ìwé rẹ̀ dé)*
ILPO: Àwọn èèyàn yẹn kò ṣẹ̀ ọ́. Lẹ́tà wọn ń sọnù.
RAILI: Dìde níbẹ̀ yẹn. Àga ẹlòmíràn ni.


29. LÓRÍ PÁTÁKÓ

DESMOND: Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ní Finland, mo ń di ekùrọ́ tuntun. Bí kò bá sí àtúnṣe kó tó dìgbà yẹn, màá yọ dẹ́rẹ́bà yìí dànù pátápátá. Kò wù mí. Ilpo ti dákẹ́. Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n?


30.

Bí Raili bá dákẹ́, orúkọ Ilpo á kúrò lójú gíláàsì gbogbo ayé. Iṣẹ́ Raili á bá a lọ.

Bó bá fi àtúnṣe ránṣẹ́, ọkàn Ilpo á balẹ̀ lórí àga yẹn.

Bó bá sọ òótọ́, ta ló mọ̀ ọ́n? Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀?

(Mo mọ ẹni tó yẹ kó jẹ́.)


31.

Ọjọ́ Ẹtì. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tó ń bá Raili tú lẹ́tà sí Gẹ̀ẹ́sì. Láti aago kan ló ti ń fi ìwé atúmọ̀ èdè wá ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti kọ "olè", ó pa á rẹ́. Ó kọ "ọ̀rẹ́ mi", ó pa ìyẹn náà rẹ́. Mo gbé kọfí wá. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Kò wò mí.


32. OJÚ GÍLÁÀSÌ *(bí mo ṣe rí i látẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́)*

Ẹ̀yin ará. Èmi Raili. Gẹ̀ẹ́sì mi kò dára, ẹ má bínú. Àtúnṣe wà nísàlẹ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, èmi ni. Mo fi aago wọ̀n ọ́n. Ilpo Savinainen jẹ́