Ìṣísẹ̀ Márùn-ún Kọjá Ìtì Igi

Ní ọjọ́ Àìkú, Noreen Ashworth gbé àwòrán òwìwí kan síta lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, òwìwí náà ti fi igi tó ń sùn sí sílẹ̀ lọ.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni Noreen bá nídìí igi náà ní Páàkì Bellholme láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn. Lẹ́ńsì kámẹ́rà wọn gùn ju apá ènìyàn lọ. Wọ́n ti tẹ koríko mọ́lẹ̀ yíká, yìnyín tó bò ó sì ti di ẹrẹ̀.

"Ẹ ti pẹ́ jù, màdáàmù," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Wọ́n ní láti àná ló ti fò lọ. Àwa gan-an wakọ̀ fún wákàtí méjì lásán."

"Ta ló júwe ibí fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó júwe ẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ò kọ orúkọ ibì kankan. Àmọ́ ilé onípákó pupa yẹn wà lẹ́yìn òwìwí náà." Ó na ọwọ́ sí ilé kékeré tí àwọn àgbàlagbà tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko ń kó ẹrù wọn sí. "Ìyàwó mi ti yí bọ́ọ̀lù níbí rí. Bó ṣe rí i báyìí ló ní, 'Bellholme nìyẹn!'"

Noreen wo ilé pupa náà. Ó ti yọ orúkọ páàkì kúrò, ó ti yọ orúkọ ìlú kúrò. Kò rántí wo ẹ̀yìn àwòrán.

Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ kíṣìnì ilé ìwé sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbélé mọ́. Ọdún méjìlélógún ló fi se oúnjẹ fún igba ọmọ lójúmọ́. Nígbà tí iṣẹ́ tán, bó bá jókòó, ara rẹ̀ á máa yún un. Ó á dìde, ó á nu tábìlì tó ti mọ́, ó á tún jókòó. Ló bá ra kámẹ́rà àlòkù, ó sì ń rìn kiri páàkì bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Níbẹ̀ ló ti pàdé Wilf Holroyd lórí bẹ́ńṣì, nígbà òtútù ọdún tó kọjá.

Wilf ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ti ṣú, ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ló fi ń rí ìwọ̀nba tó ń rí. Okùn bàtà ìrìn rẹ̀ kan dúdú, èkejì pupa, kò sì mọ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣọ́ òwìwí elétí gígùn yẹn, torí gbogbo ìgbà òtútù ló máa ń padà wá sórí igi kan náà. Kò fi han ẹnikẹ́ni, kódà Sheila ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn tó ń wo ẹyẹ nílùú náà ní òfin kan tí wọn kò kọ síbì kankan: a kì í sọ ibi tí òwìwí ń sùn sí lọ́sàn-án.

Noreen nìkan ni Wilf fi í hàn. "Ìtì igi tó wó sílẹ̀ yìí ni ààlà," ló sọ fún un. "Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Láràárọ̀, Noreen á dúró lẹ́yìn ìtì igi, á ya àwòrán, á padà sórí bẹ́ńṣì, á fẹ àwòrán náà lójú kámẹ́rà títí yóò fi tóbi, á sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú Wilf. Bí Wilf ṣe ń rí òwìwí rẹ̀ nìyẹn.

"Ó ń sùn," Wilf á wí, á rẹ́rìn-ín. "Ọ̀lẹ burúkú." Wọ́n á wá mu tíì inú fúláàsìkì.

Jeanette àbúrò Noreen ló dá nǹkan sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Noreen kò lè di ẹrù náà lé e lórí. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ń wo àwọn àwòrán náà, ó ń jẹ bísíkítì.

"Òwìwí tó ń sùn. Òwìwí tó ń sùn. Òmíràn rèé, òun náà ń sùn. Noreen, o fẹ́ kí wọ́n fi èyí sí kàlẹ́ńdà páàkì? Ta ló fẹ́ gbé e kọ́ sí kíṣìnì? Ó dà bí ìbọ̀sẹ̀ tẹ́nì kan sá sórí igi."

Ọdún mẹ́ta ni Noreen ti ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn oníkàlẹ́ńdà, wọn kò mú ẹyọ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí Wilf tó dé, ó kọjá ìtì igi náà. Òwìwí náà lajú sí i. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Noreen ya á.

Irinwó ènìyàn ló yìn ín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àwọn oníkàlẹ́ńdà ní oṣù kìíní ni àwọn fẹ́ fi í sí.

Ní báyìí, ó gbọ́ ìró ọ̀pá Wilf lójú ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

"Ta ni wọ̀nyẹn?" Wilf béèrè.

Noreen lè purọ́. Irọ́ náà ti dé ẹnu rẹ̀.

"Èmi ni mo fà á, Wilf. Mo gbé àwòrán kan síta. Wọ́n dá ilé pupa mọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ó ti lọ."

Wilf wá bẹ́ńṣì rí, ó jókòó.

"Ṣé o kọ orúkọ ibí?"

"Rárá o."

"Àṣìṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe." Ó na ọwọ́. "Fi hàn mí."

Noreen fẹ àwòrán náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Wilf yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Mi ò rí i dáadáa. Ojú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó là."

"Etí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó nà ró."

"Ara ẹ̀? Ṣé ó rí rògòdò bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Rárá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó nà gbọọrọ bí ẹ̀ka igi."

Wilf ti kámẹ́rà náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀rù ló ń bà á," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀rù bá ti fẹ́ pa wọ́n. Níbo lo dúró?"

"Mo kọjá ìtì igi."

"Ìṣísẹ̀ mélòó?"

"Márùn-ún."

"Kí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn tó dé lo ti ń lé e lọ."

"Màá pa á rẹ́, Wilf. Màá gbà á lọ́wọ́ àwọn oníkàlẹ́ńdà."

"Pa á rẹ́ o, má pa á rẹ́ o, ọmọ yìí, èmi ò kúkú ríran wò ó."

Ó dìde. Noreen na apá sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, torí yìnyín ń yọ̀. Kò gbà á. Ó di irin ọgbà mú, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ títí ó fi dé géètì.

Noreen pa àwòrán náà rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó kọ̀wé sí àwọn oníkàlẹ́ńdà. Jeanette pè é: "Ṣé orí ẹ pé? Oṣù kìíní ni wọ́n fún ẹ!" Noreen pa fóònù.

Ó ń lọ sí bẹ́ńṣì náà láràárọ̀, kò sì lè jókòó lórí ẹ̀. Yóò rìn yí i ká, yóò dúró, yóò wo ojú ọ̀nà, yóò tún rìn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lọ kan ilẹ̀kùn Wilf. Sheila ló ṣí i.

"Dádì ní àwọn ò jáde," ni Sheila wí. "Wọ́n ní kò sí nǹkan tí àwọn fẹ́ lọ wò. Orí àga ni wọ́n wà látàárọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn gan-an?"

Noreen sọ fún un. Sheila pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní oṣù kẹta, nígbà tí yìnyín ti yọ́, Noreen ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ. Bàtà ìrìn Wilf méjèèjì wà lójú fèrèsé. Okùn ọ̀kan dúdú, èkejì pupa. Wọ́n ti fọ ẹrẹ̀ páàkì kúrò lára wọn.