Orúnkún Àsíyátù

Àsíyátù ń gúnyán lọ́wọ́ nígbà tí èébì tún gbé e. Ó sọ ọmọ odó sílẹ̀, ó bì sẹ́yìn ilé títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Dókítà tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà àti ara tó sanra jù ti kìlọ̀ pé inú á máa rú u, oúnjẹ á sì máa sú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ti rọlẹ̀, ara rẹ̀ ti fúyẹ́, orúnkún tó ń ro ó ti sinmi.

Orúnkún yẹn ni Láwọ̀yín ọkọ rẹ̀, aláìláàánú, gbójú lé tẹ́lẹ̀. Bó bá ti lù ú ṣubú, ó parí nìyẹn: kò lè dá dìde. Á nawọ́ sókè, á ní, "Bàbá Hàbíbàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí dìde." Láwọ̀yín á gba orí rẹ̀ kọjá, á ní, "Okun o." Ìkíni tí ará Kàbbà fi ń fún ara wọn lágbára, òun ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù ni. Ó gbọ́ èébì.

"Oyún ta nìyẹn?"

"Abẹ́rẹ́ ni. Ẹ wo inú fíríìjì."

"Abẹ́rẹ́ ló ń fún ẹ̀yin obìnrin lóyún báyìí?"

Ìfọ́tí ló tẹ̀ lé e. Àsíyátù ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ẹ̀jẹ̀ bo eyín rẹ̀. Láwọ̀yín ta á nípàá níkùn, ó tún un ta. "Màá tẹ̀ ẹ́ jáde lónìí!" Ó gbé odó tòun tiyán, ó gbé e sókè, ó fẹ́ sọ ọ́ lu ikùn Àsíyátù.

Ẹ̀rù ikú ba Àsíyátù. Ó nawọ́ sókè bó ṣe máa ń ṣe, kò sẹ́ni tó fà á. Ló bá fọwọ́ tilẹ̀, orúnkún gbọ́ tirẹ̀, ó dìde! Òun fúnra rẹ̀ ò gbà á gbọ́. Ó he ọmọ odó nílẹ̀, ó fi gbá ojúgun Láwọ̀yín. Eegun dá, ó dún bí igi gbígbẹ. Odó já lu ẹsẹ̀ kejì, ọkùnrin náà sì wó lulẹ̀, ó ń ké bí ewúrẹ́.

"Ìyá Hàbíbàt, fà mí dìde!"

Àsíyátù wo ọwọ́ tó nà sókè. Èébì tún gbé e, ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọkọ rẹ̀, ó fi ìró nu ẹnu. Lẹ́yìn náà ló gba orí rẹ̀ kọjá.

"Okun o," ló wí.