Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

"Ẹ̀sùn kìíní," ni Dókítà Akínladé wí, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, "o lo èdè tí kì í ṣe èdè iṣẹ́ nínú gúrúùpù Wọ́ọ̀sáàpù ẹ̀ka yìí. Ẹ̀sùn kejì, o gbé ìròyìn ikú jáde láìwádìí. Ẹ̀sùn kẹta, àrífín sí olórí ẹ̀ka. Ṣé o gbọ́?"

Fẹ́yìsetán gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni "o" yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Dókítà Akínladé fi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tẹ ìwé yìí." "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun." Ọdún mẹ́wàá ló fi ju ọkùnrin náà lọ, ó kéré tán. Lónìí, ó ti di "o". Ó yẹ kó dùn ún. Ó wá inú ara rẹ̀ bóyá yóò rí ibi tó ti dùn ún, kò rí i.

"Mo gbọ́, sà."

Yàrá ìpàdé Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ilé Kíkọ́ kò tóbi. Yunifásítì náà fúnra rẹ̀ kò tóbi; ti aládàáni ni, ẹ̀yìn ìlú Ìlaròó ló wà, níbi tó jẹ́ oko kajú tẹ́lẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì ká. Fẹ́yìsetán, akọ̀wé ẹ̀ka, wà nítòsí ilẹ̀kùn. Akínladé tó ń ka ẹ̀sùn kọjú sí i. Màdáámù Bàrúwà, tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ torí pé iná ti lọ. Níbi tí alága máa ń jókòó sí ni Dókítà Kòkúmọ́ wà, olórí ẹ̀ka, ẹni tí wọ́n ní Fẹ́yìsetán kọ pé ó ti kú.

Kò tíì sọ̀rọ̀ kankan. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bó bá dé, á wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Bó bá tó àkókò, á jáde. Tẹ́lẹ̀, kò sí àárọ̀ tí kì í dúró níwájú tábìlì Fẹ́yìsetán: "Ìyá Ẹ̀rí, ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹ̀ríolúwa ńkọ́?" Báyìí, á kọjá bí ẹni tó ń kọjá lára ògiri.

Akínladé gbé ìwé kékeré kan sókè. "Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ìbọ̀wọ̀fúnni ẹ̀ka yìí nìyí. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, sà."

Ẹ̀rín já lẹ́nu Màdáámù Bàrúwà. Ó rántí ibi tó wà, ó sì fi ìwé bo ẹnu.

Òótọ́ ni. Ojú ìwé mọ́kànlá, Gẹ̀ẹ́sì láti òkè délẹ̀, Fẹ́yìsetán ló tẹ̀ ẹ́ lóṣù kẹta. Òfin kẹrin ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa kọ sínú gúrúùpù. Kò sẹ́ni tó pa á mọ́. Dókítà Kòkúmọ́ alára ló ń kọ "E kaaro o, eyin eeyan mi" síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ti ẹni tó kọ Yorùbá ni, gbogbo ẹ̀ka ni ì bá ti tò síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ohun tí o kọ rèé," ni Akínladé wí, ó sì ti ìwé kan sáàárín tábìlì. Ó ti tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, Yorùbá rẹ̀ lókè, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Yorùbá yẹn kò lámì kankan lórí, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù:

Dr Kokumo nikan lo ku.

Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ ní Dókítà Kòkúmọ́ nìkan ló kú. Fẹ́yìsetán ti ka Gẹ̀ẹ́sì yẹn tó ìgbà ogún láti ọjọ́ tí ìwé kúèrì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, á máa ṣe é bíi pé ohun tí òun kọ gan-an nìyẹn.

Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba èsì ìdánwò kí aago mẹ́rin tó lù, gbogbo olùkọ́ ló sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Dókítà Kòkúmọ́ ti lọ sí Ìbèsè pẹ̀lú dírẹ́bà àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì, láti lọ wo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì, ẹnì kan fi àwòrán tírélà tó dojú dé lọ́nà Ìbèsè sínú gúrúùpù. Fẹ́yìsetán kò rí àwòrán náà. Ìbuwọ́lù ló ń wò. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó rí i pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, ó gbé fóònù, ó sì kọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ wá íǹkì sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jókòó sábẹ́ àwòrán tírélà.

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí ìròyìn fi dé Ìmáṣàyí. Màmá Àṣìkẹ́, ìyá Dókítà Kòkúmọ́, ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó ń sáré bọ̀ wá sọ fún un kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ti ń sunkún. Nígbà tí Kòkúmọ́ fi ti Ìbèsè dé nírọ̀lẹ́, tí kò sí ohun tó ṣe é ju pé fóònù rẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyá rẹ̀ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ti rọ.

Toheebat tó ń ṣe fọ́tókọ́pì nísàlẹ̀, ọmọ Ìmáṣàyí lòun náà, òun ló fi ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà délé han Fẹ́yìsetán. Dókítà Akínladé ló gbé e láti gúrúùpù ẹ̀ka lọ sí gúrúùpù àwọn ọmọ Ìmáṣàyí, tí òun náà wà nínú rẹ̀. Ó fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ń gbàdúrà sí i, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "O ma se o."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ya àwòrán rẹ̀," ni Toheebat wí. "Ẹ fi í pa mọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa lò ó."

Àwòrán náà wà nínú fóònù Fẹ́yìsetán, fóònù wà nínú báàgì, báàgì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin keje ní òṣìṣẹ́ kékeré kò gbọdọ̀ fẹ̀sùn kan ọ̀gá rẹ̀ níṣojú ẹlòmíràn. Òun náà ló tẹ ìyẹn.

"Ìgbìmọ̀ yìí ò fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ni Akínladé wí. Ó gbé ìwé mìíràn síwájú rẹ̀, ó sì fi bírò lé e. "O gbà níbẹ̀ pé o kọ ọ́ pé Dókítà ti kú, o sì tọrọ ìdáríjì. Tí o bá ti buwọ́ lù ú, wọ́n á kìlọ̀ fún ọ, ó parí. Tí o kò bá buwọ́ lù ú, ó di iwájú ìgbìmọ̀ àgbà nìyẹn. Àwọn yẹn kì í kìlọ̀. Wọ́n máa ń ní kéèyàn máa lọ sílé ni."

Fẹ́yìsetán mú bírò. Bí wọ́n bá ní kó buwọ́ lu ìwé pé òun ló dojú tírélà dé, ó ṣeé ṣe kó buwọ́ lu ìyẹn náà, kó lè lọ sílé lọ jókòó.

"Ẹ kúkú buwọ́ lù ú, màmá," ni Màdáámù Bàrúwà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọdún mélòó ló kù tí ẹ máa fi fẹ̀yìn tì?"

"Mẹ́fà, mà."

"Ẹ ò rí nǹkan. Mẹ́fà péré ló kù. Kí lẹ fẹ́ máa da ara yín láàmú fún?"

Fẹ́yìsetán wo ẹnu Màdáámù Bàrúwà. Ọdún mẹ́fà ló kù. Obìnrin náà ti sọ "ló kù" yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lérí. Kò sẹ́ni tó ṣubú.

Ó ti ìwé ìdáríjì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa èyí tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mọ́ra. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ọjà-Ọ̀dàn, ìka rẹ̀ sì ni bàbá náà máa ń lù lórí tábìlì bí kò bá mọ dò yàtọ̀ sí mí. Ó fa ìlà kékeré kan sórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, láti apá òsì lókè wá sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ó fi àmì sórí àwọn yòókù pẹ̀lú, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.

"Kí lo ń ṣe?" Akínladé na ọwọ́ sí ìwé náà. "Ẹ̀rí ìgbìmọ̀ nìyẹn!"

"Mo ń fi àmì sí i ni, sà. Mi ò ní buwọ́ lu èkejì yẹn. Ohun tí mo kọ kọ́ ló wà níbẹ̀."

"Ta ló máa wá mọ̀? Nígbà tí o kọ ọ́, ṣé àmì wà lórí ẹ̀?"

"Kò sí, sà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Bí ẹ bá kọ ìyẹn síbẹ̀, màá buwọ́ lù ú."

"Ẹ kà á."

Dókítà Kòkúmọ́ ló sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ẹ fi ẹnu yín kà á, bí ẹ ṣe ní i lọ́kàn lọ́jọ́ náà."

Fẹ́yìsetán gbé ìwé náà sókè. "Dókítà Kòkúmọ́ nìkan ló kù."

"Ẹ tún un kà."

"Dókítà Kòkúmọ́ nìkan ló kù."

Kòkúmọ́ ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ márùn-ún ni ìyá mi bí," ló wí nígbà tó yá, kò sì wo ẹnì kankan. "Mẹ́rin ti lọ kí n tó dé. Ìyẹn ló ṣe sọ mí lórúkọ tó sọ mí." Ó nu ojú. "Èmi nìkan ló kù."

Màdáámù Bàrúwà kò fẹ́ ara rẹ̀ mọ́.

"Màmá ń sọ̀rọ̀ báyìí, díẹ̀díẹ̀," ni Kòkúmọ́ ń bá lọ. "Ṣùgbọ́n kò gbà pé èmi ni. Bí mo bá gbé ṣíbí ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, á kọjú sí ògiri. Ó ní kí n máa padà lọ síbi tí mo ti wá. Ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú fóònù." Ìgbà yẹn ló wá wo Fẹ́yìsetán. "Ìyá Ẹ̀rí, ẹ̀yin ò sí nínú gúrúùpù Ìmáṣàyí. Ta ló gbé e débẹ̀?"

Báàgì ṣì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ṣí i. Kò wo iwájú rẹ̀ níbi tí Akínladé jókòó sí.

"Òfin keje, sà," ló wí.

Kòkúmọ́ ṣí ìwé òfin náà. Ó ka ibẹ̀. Ó pa á dé, ó sì gbé ojú sókè, ojú náà kò sì lọ sọ́dọ̀ Fẹ́yìsetán mọ́.

Akínladé ti bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi ni," ló wí. "Tírélà yẹn ni mo rí, sà. Mo ti rí tírélà kí n tó ka ọ̀rọ̀ wọn. Ọkàn mi ò lọ síbòmíràn rárá." Ó fi etí aṣọ nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

Fẹ́yìsetán gbọ́ "Ẹ̀gbọ́n" yẹn. Òun náà kò dé ibì kankan lára rẹ̀.

"Kò burú," ló wí, torí pé ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn.

Dókítà Kòkúmọ́ ti dìde. Ó ya ìwé ìdáríjì náà sí méjì, ó fi í sílẹ̀ níwájú Akínladé, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi dé ọsibítù? Kí ẹ lọ kà á fún Màmá. Bí ẹ ṣe kà á yẹn gan-an."

"Mo lè lọ, sà."

Ó ká ìwé tó fi àmì sí, ó sì fi í sínú báàgì. Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé ojú títì, wọ́n dúró kí tírélà mẹ́ta kọjá. Fẹ́yìsetán yọ ìwé náà jáde. Ó ń kà á sábẹ́ ahọ́n, léraléra, ó ń mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìgbà kẹrin tó kà á ni nǹkan gún un láyà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí nǹkan dùn ún, ẹ̀rù sì bà á. Ẹ̀rù bà á pé bí ẹkún bá gba òun mú níwájú ìyá arúgbó yẹn, ohùn òun lè lọ sókè.