Ẹ̀gbẹ́ Òsì Ọkọ̀ Bàbá

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dé etí Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ló dé. Ìyá onílé tó wọ̀ sí nílùú tí Bàbá rán an lọ ló gba iṣẹ́ náà lórí fóònù, tó kọ ọ́ sórí bébà, tó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ agolo iyọ̀, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tó fẹ́ fi iyọ̀ sí ẹyin ló tó rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, bí ẹni tó gbé àwo tó ti fọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rán iṣẹ́ náà. Ó ní kó má ra ọkọ̀ yẹn mọ́. Dókítà ti yẹ ojú Bàbá wò: ti òsì ti kú pátápátá, ti ọ̀tún ń tẹ̀lé e bọ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́ láé.

Abẹ́rẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ránṣọ jẹun. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà wà nínú àpò rẹ̀. Ó ti rà á lánàá.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi wa ọkọ̀ akẹ́rù yẹn fún iléeṣẹ́ kan tó ń ta pákó. Kì í ṣe tirẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yóò rò pé òun ló bí i. Nígbà tí ìyá wọn wà láyé, tó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà lójú ọ̀nà, á ní kí wọ́n gbé omi ìwẹ̀ síta, orogún òun ti gbé ọkọ wọn dé. Ọdún tó kọjá ni iléeṣẹ́ ní kí Bàbá lọ máa sinmi. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà wá kógbá sílé, tí wọ́n fẹ́ lu gbogbo ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo, Bàbá kó gbogbo owó tó ní lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ pé kó lọ bá òun ra ọkọ̀ náà. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, òun nìkan ló kọ́ ní ọkọ̀ ńlá wíwà, òun nìkan ló sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Bàbá ní òun kò lè lọ fúnra òun, pé bí ẹlòmíì bá ra ọkọ̀ náà níṣojú òun, ẹkún lòun máa sun. Abẹ́rẹ́ gbà á gbọ́.

Níbi gbàǹjo ọ̀hún, èèyàn lè wo ọkọ̀ yípo, ó lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sítáàtì rẹ̀ kó tó rà á. Ojú lásán ni wọ́n fi ń rajà. Abẹ́rẹ́ sì wò ó dáadáa. Wáyà ni wọ́n fi so díńgí òsì mọ́ra. Ilẹ̀kùn òsì ha láti orí dé ìdí. Igun òsì ẹ̀yìn ọkọ̀ ti tẹ̀ wọnú. Apá ọ̀tún ní tirẹ̀ ń dán, kò ní àbàwọ́n kankan.

Ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ní àfi bí ẹni pé ọkọ̀ yìí ń bá ògiri jà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì fi ń jà. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó tún dúpẹ́ nínú ara rẹ̀, torí àwọn ọgbẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ọkọ̀ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn rà. Ní báyìí tí bébà iyọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín àná ń kan nínú rẹ̀ bí ọtí tó ti bàjẹ́.

Nígbà tó dé ọgbà iléeṣẹ́ láti gbé ọkọ̀ rẹ̀, ọkùnrin onírin àlòkù ti wà níbẹ̀. Ó ní òun á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun á sì fi èrè lé e.

"Àbúrò, irin lèmi rí níbẹ̀," ó ní. "Kí nìwọ rí?"

Abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ táyà ẹ̀yìn. Wẹ́ẹ̀jì wà níbẹ̀, igi onígun mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yí. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tó fi í síbẹ̀, torí Bàbá ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó bá fi wẹ́ẹ̀jì sí táyà ni í yọ ọ́, ẹlòmíì kì í fọwọ́ kàn án. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan tí ẹni tí kò mọ̀ yọ ọ́. Òkú ni wọ́n fà jáde.

Ẹ̀ṣọ́ ní Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, lọ́jọ́ tó wá síṣẹ́ kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Abẹ́rẹ́ gbọn eruku ara igi náà dànù. Lẹ́yìn náà ó tọrọ gáfárà nínú ọkàn rẹ̀, ó yọ ọ́, ó gbé e sẹ́yìn ìjókòó, ó sì wa ọkọ̀ náà jáde.

Ọ̀nà jìn. Ọkọ̀ náà wúwo lọ́wọ́, jíà rẹ̀ sì ń ráhùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Níbi tí ọ̀nà ti gùn gbọọrọ tí kò sí ọkọ̀ kankan, ó rọra ń lọ, ó sì di ojú òsì rẹ̀. Ó kan fẹ́ mọ̀ ni. Ìdajì ayé pòórá. Ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ díńgí bí ẹni pé ilẹ̀ ló pọ̀ ọ́ síta. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kọjá. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ń súfèé lọ ní tirẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ti kú. Abẹ́rẹ́ la ojú méjèèjì, ó tún sítáàtì ọkọ̀.

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tó délé. Bàbá ti wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó wọ bàtà tó fi ń wakọ̀, ó ti kùn ún dan. Abẹ́rẹ́ fi wẹ́ẹ̀jì sábẹ́ táyà, ó sì dúró. Bàbá dìde wá, ó fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ náà lọ láti iwájú. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ilẹ̀kùn òsì, ìka rẹ̀ rọra ń rìn nínú àwọn ojú ibi tó ha, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ fún ọ," ó ní. "Dókítà yẹn kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀. Kí ló mọ̀ nípa ọ̀nà? Gbé kọ́kọ́rọ́ wá, kí n yí i wọlé." Ó bẹ̀rẹ̀ síbi wẹ́ẹ̀jì.

"Bàbá, ta ló fi í síbẹ̀?"

Ọwọ́ Bàbá dúró lófuurufú. "Ìwọ ni."

"Èmi ni. Mo rí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, Bàbá. Mo sì di ojú òsì mi lọ́nà. Díẹ̀ ló kù kí n pa oníkẹ̀kẹ́ kan."

Bàbá nàró. Ó wo bàtà rẹ̀ títí.

"Bí mi ò bá wakọ̀," ó ní, "kí ni mo wá jẹ́?"

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú eruku. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pa ọwọ́ dé mọ́ ọn.

"Mi ò ní ta ọkọ̀ yìí, Bàbá, mi ò sì ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mò ń fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀. Láti ọ̀la lọ, èmi ni n ó máa wà á, ẹ̀yin lẹ ó sì máa jókòó tì mí."