Òórùn Orí Àjà

Iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe, ihò ni mo sì kórìíra jù láyé. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí ní Ọ̀gá Díhò, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú màámi nínú ilé mi, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo ra òwú òrùlé, irú èyí tí wọ́n ń ká bí ẹní tó sì ń dá òtútù dúró, mo gun orí àjà, mo tẹ́ ẹ káàkiri. Gbogbo ihò atẹ́gùn tó wà lábẹ́ etí òrùlé ni mo dí pa. Páìpù fáànù bálùwẹ̀ tó máa ń gbé ooru omi gbígbóná jáde gba orí òrùlé, mo gé e kúrú sínú òwú, mo sì kan páànù mọ́ ojú ihò rẹ̀ lórí òrùlé. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yin ara mi.

Kò pé oṣù kan tí òórùn fi bẹ̀rẹ̀. Òórùn ìtọ̀ tó ti pẹ́ lára aṣọ ni, yàrá màámi tó fara ti bálùwẹ̀ ló sì ti ń wá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni màámi. Kí lẹ̀yin náà ì bá rò? Ohun tí èmi rò nìyẹn.

Ta ló máa la ẹnu sọ fún ìyá rẹ̀ pé ara rẹ̀ ń rùn? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ìyàwó mi ra ọṣẹ olóòórùn dídùn fún màámi, ó ní òun kàn rí i lójú ọ̀nà ni. Èmi pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo ní ti tẹ́lẹ̀ ti le jù. Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń fi omi gbígbóná wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Àìsàn kan ti pa imú wọn láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọn ò lè gbọ́ òórùn kankan. Ojú wa ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ sí i ni òórùn náà ń le sí i. Ìyàwó mi ò lè jẹun nínú ilé mọ́, ọmọ mi obìnrin ò mú ọ̀rẹ́ wálé mọ́. Mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù, a sì fẹnu kò pé á wá mú màámi lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Kì í sí ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀gbọ́n mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, màámi ò sì fẹ́ràn ibẹ̀ rí. Mo sọ fún wọn pé àárò wọn ló ń sọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kò burú. Wọ́n wá béèrè bóyá kò lè di oṣù tó ń bọ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àárọ̀ Sátidé náà ni ọmọ mi sọ pé lọ́jọ́ tí màmá àgbà sùn sílé ìwòsàn nítorí ojú wọn, òórùn náà ò kúrò nílé. Mo ní kó panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n lè jókòó. Bóyá eku ló kú sókè. Mo gbé àkàbà, mo gun orí àjà.

Àyà ni mo fi ń wọ́ láàárín àwọn igi òrùlé, ikùn mi sì ti tóbi ju ti ọjọ́ tí mo tẹ́ òwú náà lọ. Kò sí atẹ́gùn kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo dé òkè bálùwẹ̀, apá aṣọ mi tutù. Òwú náà ti rin gbingbin, ó ti dúdú. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbé e sí imú. Òórùn tí a ń pè ní ti màámi ni.

Ibi tí mo ti ń wá bí màá ṣe yí padà ni ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ ti dún nísàlẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kò pẹ́ tí páìpù tí mo gé fi ń tú ooru sí mi lójú.

Mi ò lè mira. Bí pákó kan bá dún, màámi á mọ̀ pé èèyàn wà lókè orí àwọn nígbà tí àwọn wà ní ìhòòhò. Ọmọ wo ló máa pariwo láti òkè bálùwẹ̀ ìyá rẹ̀? Mo dojú bolẹ̀ sórí òwú tútù, igi kan há mi lẹ́yìn, èémí ò já gaara. Gbogbo ihò tí ì bá fún mi ní atẹ́gùn, ọwọ́ ara mi ni mo fi dí wọn. Mo ń gbọ́ bí kànìnkànìn ṣe ń ha ara màámi, tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀.

"Ara mi, mo bẹ̀ ẹ́," ni wọ́n ń wí. "Kí ni mo fi ṣe ẹ́? Mo ti fọ̀ ẹ́ tó. Má jẹ́ kí wọ́n lé mi kúrò lọ́dọ̀ ọmọ mi."

Mo sunkún lórí àjà, mo sì fi eyín di apá aṣọ mi mú kí ẹkún náà má baà dún.

Nígbà tí mo fi lè sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wà níta. Màámi ti múra, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, báàgì wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí ara mi, mo sì ṣàlàyé òwú, páìpù àti ihò. Mo fa òwú tútù tí mo mú sọ̀ kalẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, mo ti gbàgbé pé imú wọn ò ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé e sí imú síbẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún mi.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, màámi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹ má lọ mọ́."

Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú mi. "Ọkọ mi, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́, mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Báyìí tí o wá ń sọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe àánú mi ló ń ṣe ẹ́?"

Mo búra. Ìyàwó mi náà wá búra, ọmọ mi dì mọ́ wọn. Bí a ṣe ń búra tó ni wọ́n ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń rọra gbá wa léjìká. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ọmọlúàbí ni gbogbo wa.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì náà. Òjò ti ń rọ̀ níta. Màámi ò gbà láti jókòó níwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n lọ, wọ́n fún ara wọn mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣí gbogbo wíńdò ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo òjò, ó wò mí, ó sì ṣí wọn.