Àpò Tó Pè Mí Ní Bàbá

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Làsísì onígbàjámọ̀ yìí, ẹ gbọ́ o. Mo fi orí tí wọ́n ń gẹ̀ lọ́wọ́ yìí búra, bí irọ́ ẹyọ kan bá wọnú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, kí irun má hù síbẹ̀ mọ́. Mo lá àlá kan lóru àná. Àlá ọ̀hún gùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jí láàárín ẹ̀ kí n lè sinmi.

Èmi àti Ṣẹ̀gilọlá ìyàwó mi ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé oṣù kẹta rèé tá a fẹ́ra. A fẹ́ rìn káyé, bí àwọn òyìnbó tó máa ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tèmi ni àpò wà, ó tóbi tó yàrá. La bá dé ìlú kan létí odò, lọ́hùn-ún níhà Táíláńdì. Ẹ ò mọ ibẹ̀. Èmi ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí.

Orí omi ni ọjà wọn wà. Àwọn obìnrin dé akẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń dín ẹja nínú ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń sáré lórí omi, kò rì, ó kàn ń fọn fèrè. Ilé ìsìn wọn fi wúrà ṣe orí ṣónṣó, ó ga débi pé àwọsánmà fara kọ́ ọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Èdè wọn ò ṣòro. Yorùbá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń sọ.

Ibi tí a ti fẹ́ wọ̀lú, ọ́fíìsì kan ń léfòó. Tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù, àga, gbogbo ẹ̀ dúró lórí omi. Ọ̀gá kan tó dé fìlà ìjọba jókòó síbẹ̀.

Ó ní, "Ta lẹ pọ̀n?"

Mo ní, "Àpò ni, sà."

Ó ní, "Ohun tó bá wà lẹ́yìn èèyàn, ọmọ ẹ̀ ni. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Àpò yán lẹ́yìn mi, ó ní, "Bàámi, ẹ dá wọn lóhùn."

Kò yà mí lẹ́nu. Ohùn ẹ̀ tiẹ̀ jọ ti ìdílé wa.

Ọ̀gá ní ọmọ tí ò lórúkọ ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sílé. Ó ní tí odò bá yíjú padà lọ́sàn-án, ọkọ̀ máa lọ. Bí a ò bá tíì sọ ọmọ lórúkọ nígbà náà, ìyá á dúró ti ọmọ síbẹ̀, bàbá á dá lọ.

Ṣẹ̀gilọlá wò mí. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Ìkómọ lásán."

La bá wá nǹkan ìkómọ kiri orí omi. A rí iyọ̀, a rí oyin, omi ò wọ́n wa. Orógbó la ò rí. Ìyá kan tó ń dín ẹja na èso kan sí wa, ẹ̀gún bo gbogbo ara ẹ̀ bíi òòrẹ̀, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́pàá. Èso yẹn fúnra ẹ̀ ní, "Ẹ gbé mi, ẹ̀gbọ́n orógbó ni mí." Mo kí i, mo gbé e.

A to gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀gá ní, "Ó ku ẹyọ kan. Kí bàbá sọ òótọ́ kan nípa ara ẹ̀ sí ọmọ létí."

Ẹyọ kan péré. Mo sún mọ́ àpò. Mo ní, "Èmi nìkan ni mo na géńdé mẹ́fà ní gáréèjì." Àpò wúwo sí i, eékún mi tẹ̀. Mo ní, "Mo gbé ọ̀kadà mi rù lórí láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú, èrò sì wà lórí ẹ̀." Ó tún wúwo, tábìlì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wá ní, "Mo lè wẹ odò yìí já láìmí."

Ọ́fíìsì dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá yọ̀ lórí àga, ó wọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tó máa dìde, ó ti hu ìwo, ó ti hu irùngbọ̀n, ó ń jẹ fáìlì wa.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ó ní, "Mẹ̀ẹ́." Kò sì bọ́ fìlà.

Odò bá na ara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sùn. Ọkọ̀ fọn fèrè. Ṣẹ̀gilọlá jókòó ti àpò, ó gbé e lé ẹsẹ̀. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Ṣàkírù, máa lọ. Màá tọ́ ọ."

Ẹ̀yin èèyàn, mo wá òótọ́ lẹ́nu mi bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Mo wá bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ẹ̀rù omi ń bà mí. Mi ò mọ̀wẹ̀."

Àpò sín. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ewúrẹ́ fi pátákò lu ìwé ní òǹtẹ̀, orúkọ jáde síbẹ̀: Òtítọ́jù. Ṣẹ̀gilọlá bọ́ sínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ó yá, wọlé." Mo gbé ẹsẹ̀ kan.

Ni mo bá jí. Ewúrẹ́ ìyá onílé wa dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń jẹ okùn àpò tí Ṣẹ̀gilọlá dì sílẹ̀ lánàá. Ṣẹ̀gilọlá fúnra ẹ̀ dúró lórí mi, ó ti wọ bàtà. Ó ní, "Ó yá, dìde."

Bọ̀dá Làsísì pa kílípà. Wọ́n ní, "Àpò ibo ló dì?"

Mo ní, "Ilé ìyá ẹ̀ ni, lódìkejì ọ̀sà. Wọn ò tíì rí mi látìgbà ìgbéyàwó."

"Ọkọ̀ aago mélòó?"

"Mẹ́wàá. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gẹrun."

Bàbá Rúkà tó ń dúró kó kàn wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń gẹrun lọ́sẹ̀ yìí. Kí ló kù lórí ọ̀hún?"

Bọ̀dá Làsísì ní, "Ṣé ìyàwó ẹ mọ̀ pé o ò mọ̀wẹ̀?"

Mo ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo ti sọ fún un pé èmi ni mo kọ́ ẹja ọ̀sà yìí bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Wọ́n tú aṣọ lọ́rùn mi. Mo ní apá òsì ṣì kù. Wọ́n ní ó ti tó bẹ́ẹ̀, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ti lù.

"Máa lọ sílé, Ṣàkírù," Bàbá Rúkà ní. "Ohun tó o sọ fún àpò, lọ sọ ọ́ fún ìyá àpò."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá gbà á: "Máa lọ sílé. Lọ pọn ọmọ ẹ."